Ohun Tí N Kò Sọ Nígbà Tí Mo Wà ní SS3

Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Àǹtí mi Moṣọpẹ́,

Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìwé kíkà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìgbé fóònù. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Halifax? Àwa náà wà. Ọyẹ́ ti gba gbogbo ilé. Bí mo bá nu tábìlì Dádì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo ti lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i. Mọ́mì ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn ní Odògbólú lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé súwẹ́tà tí àwọn hun fún yín, wíwọ̀ ni, kì í ṣe ohun tí a fi ń tẹ́ orí àga.

Ẹ má rò pé àárò yín ló ń sọ mí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Mísìs Tabitha Ọ̀nàfúwà, olùkọ́ Yorùbá wa, ló ní kí gbogbo àwa SS3 fi báírò kọ lẹ́tà gidi sí ẹbí kan tó wà ní yunifásítì, ká bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bó o bá lè rí ara rẹ nígbà tó o wà ní kíláàsì wa, kí lo máa sọ fún un? Èsì tó bá dára jù ni wọ́n máa kà sétí gbogbo ilé ìwé ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Èrèlé, tí í ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí Hikmah ọ̀rẹ́ yín tó wà ní yunifásítì Ìjagun, nítorí òun máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n Mísìs Ọ̀nàfúwà ní ẹbí ni dandan. Fọ́tò lẹ́tà yìí ni màá fi fóònù Mọ́mì fi ránṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé Dádì ti ní mi ò ní ní fóònù títí màá fi ṣe WAEC tán. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọwọ́ kọ tiyín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Nǹkan mìíràn. Dádì ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà la máa lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Wọ́n ní Lọ́ọ̀ ni kí n mú. Wọ́n ní ẹ̀yin ti wà nídìí Fámásì, kẹ́míìsì àwọn kò nílò apoògùn méjì, àti pé ẹnu mi yìí, kóòtù ló yẹ. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Kí lẹ rò sí i?

Ẹ tètè dáhùn. Máàkì ogún ló wà nínú ẹ̀.

Àbúrò yín,
Ayọ̀fẹ́.


Halifax,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Ayọ̀fẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé o ṣì mọ báírò dì mú. Bá mi kí Dádì, bá mi kí Mọ́mì. Sọ fún wọn pé súwẹ́tà náà wà lára mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bí mo bá rí ara mi nígbà tí mo wà ní SS3, ohun tí màá sọ nìyí. Ìwọ ọ̀dọ́mọbìnrin, múra sí ẹ̀kọ́ rẹ. Má fi àkókò ṣòfò. Yan ọ̀rẹ́ rere. Tètè máa sùn, kí o sì máa tètè jí. Gbọ́ràn sí àwọn òbí rẹ lẹ́nu, nítorí wọ́n ti rí ohun tí ìwọ kò tíì rí. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí, ọ̀nà rẹ̀ á là.

Nípa ti JAMB, Dádì mọ ohun tó bá ọ mu. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta lo ti ń bá gbogbo ilé ṣe ẹjọ́ lórí ẹran. Fi Lọ́ọ̀ sí i, kí o fọkàn balẹ̀.

Èmi wà nínú iṣẹ́ gan-an. Láàbù pọ̀, ìwé pọ̀. Kàwé rẹ o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Moṣọpẹ́.


Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Èrèlé, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A gba mọ́kànlá nínú ogún. Mísìs Ọ̀nàfúwà fi báírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Ta ló kọ èyí? N kò rí ènìyàn kankan nínú rẹ̀.” Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń wá ìbò nìyẹn, àwọn ò ní dìbò fún un. Wọ́n fún wa láàyè láti tún un ṣe.

Èmi pàápàá wá ènìyàn náà tì. “Tètè máa sùn, kí o sì máa tètè jí.” Àǹtí, omi ni Mọ́mì fi ń jí yín. “Má fi àkókò ṣòfò.” Odidi ìsinmi Kérésì kan lẹ fi kọ́ bí ẹ ṣe máa fọwọ́ sí ìwé bíi dókítà, tí kò sí ẹni tó máa lè kà á. Ẹ̀yìn ìwé Máàtì mi lẹ ti kọ́ ọ. “Yan ọ̀rẹ́ rere.” Ìyẹn jẹ́ òótọ́, nítorí ẹ yan Hikmah, òun ló sì mọ Kẹ́místírì. Mo bá a pàdé nínú kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún un pé ẹ̀ ń gbani nímọ̀ràn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kọjá ibi tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń mọ gbogbo ìdáhùn sórí bíi orin ìjọ. Kò bi mí rí pé kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò fẹ́ ṣe Lọ́ọ̀. Fámásì ni mo fẹ́. Bí a bá ti jáde ní ilé ìwé, kẹ́míìsì Dádì ni mo máa ń wà títí wọ́n á fi tì í, kì í ṣe pé wọ́n rán mi níṣẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ìyá Fàtímọ̀ tó ń ta bàtà ní Òkè-Ajé wá, wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn. Wọ́n kó oògùn tí wọ́n ń lò sórí káńtà. Mo ka ara páálí wọn, mo wá rí i pé méjì nínú wọn, oògùn kan náà ni, orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fún wọn ló yàtọ̀. Wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìlọ́po méjì láìmọ̀. Mo fi han Dádì. Dádì wo páálí, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí Ìyá Fàtímọ̀ jókòó, wọ́n sì pe dókítà wọn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, wọ́n ní, “O ṣe é dáadáa. Lọ́yà tó bá lójú báyìí á pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ run.”

Ojú fèrèsé mọ́tò ni mo kọ sí títí a fi délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé apoògùn méjì kò pọ̀. Bí ó bá ti ẹnu yín wá, wọ́n á gbọ́.

Ayọ̀fẹ́.


Halifax,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Èrèlé, 2025.

Ayọ̀fẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ọwọ́ mi dí. Kíka ara páálí nìkan kọ́ ni Fámásì, kò sì rọrùn bí o ṣe rò. Ṣe ohun tí Dádì ní kí o ṣe. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé ìmọ̀ràn mi ni mo ti gbà yín yẹn. Má sì bá Hikmah sọ̀rọ̀ mi nínú kẹ̀kẹ́ mọ́.

Moṣọpẹ́.


Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Èrèlé, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò kí mi nínú lẹ́tà yín, ẹ ò kí Dádì, ẹ ò kí Mọ́mì, nítorí náà mo bá yín kí wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Mo fi fóònù Mọ́mì pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ẹ ń bá Dádì sọ̀rọ̀, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe po oògùn ikọ́ ní láàbù, tí ọ̀gá yín ní kò sí tiẹni tó dà bíi tiyín. Láti ọjọ́ Ajé, kò sí oníbàárà tó wá ra oògùn ikọ́ tí kò gbọ́ ìtàn náà. Mo wá bi yín léèrè lẹ́yìn wọn pé kí lẹ fi mú un dùn lẹ́nu. Ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Ohùn yín ń dún ketekete, Àǹtí.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fọ́ gíláàsì ojú Dádì? Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Bí ẹ ṣe ń ṣe yìí náà nìyẹn. Mi ò bínú sí yín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni: kí lẹ fọ́ báyìí?

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù ká lọ forúkọ sílẹ̀.

Ayọ̀fẹ́ yín.


Halifax,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Èrèlé, 2025.

Ayọ̀fẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé dáadáa ni Dádì wà? Mọ́mì ńkọ́? Mo kí yín lẹ́ẹ̀mejì, kí gbèsè tí mo jẹ lè kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ, mo jáde lọ rìn létí òkun títí etí mi fi kú fún òtútù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya.

N kò sí nídìí Fámásì mọ́. Láti oṣù Èbìbí ọdún tó kọjá ni. Mo fìdí rẹmi nínú Kẹ́místírì, mo tún un ṣe, mo tún fìdí rẹmi. Ilé ìwé wá kọ lẹ́tà oníwà pẹ̀lẹ́ sí mi pé kí n lọ wá ẹ̀ka mìíràn. Oògùn ikọ́ tí mo sọ fún Dádì, inú fídíò ni mo ti rí i. Bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú nìyẹn.

Ní àsìkò ìsinmi, mo rí iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ adití. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jessica. Ó máa ń fi ọwọ́ bá mi sọ̀rọ̀, èmi á sì máa mi orí bí ẹni tó gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú kó má bàa mì mọ́, ó sì kọ́ mi ní àmì kan. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé “kò yé mi.” Ó mú kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ayọ̀fẹ́, mo ti pé ogún ọdún, n kò tíì sọ gbólóhùn yẹn níta rí. Láti oṣù Owéwè ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mò ń yege níbẹ̀. Bí kò bá yé mi, mo máa ń sọ.

Nítorí náà, sọ fún Mísìs Ọ̀nàfúwà pé mo ti rí ènìyàn náà. Ó jókòó lórí ìlà kẹta lẹ́bàá fèrèsé. Bí olùkọ́ bá ti béèrè pé ṣé ó yé yín, òun ló máa ń pariwo jù pé ó yé wa, sà. Ohun tí màá sọ fún un nìyí.

Moṣọpẹ́, dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn, kí o na ọwọ́ sókè. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni o kò fẹ́ san tí o fi máa sọ ọdún méjì nù. B3 tí o máa gbà nínú Kẹ́místírì, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Hikmah. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o ní kó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fún ọ ní ìdáhùn. Lọ kọ́ bí a ṣe ń se ìkókorẹ́ lọ́dọ̀ Mọ́mì dípò kí o máa ní òórùn ewùrà ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí lọ́jọ́ kan o máa dúró sọkún níwájú iṣu kan nínú ilé ìtajà ní Halifax, iṣu náà kò sì ní jẹ́ ewùrà. Lálẹ́ ọjọ́ tí Dádì bá sì bi ọ́ nídìí oúnjẹ pé Fámásì ni, àbí, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín kí o tó dáhùn. Má tìtorí ẹ̀rín náà dáhùn. Sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n rò ó, sà.” Ẹ̀rín wọn á padà wá.

Ayọ̀fẹ́, wọ́n ń lé ọ kúrò nídìí ohun tí o fẹ́ nítorí pé mo wà níbẹ̀, n kò sì sí níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ní kí o fọkàn balẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló ń tì mí lójú jù.

Gbé lẹ́tà yìí fún Dádì. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn wọn, irọ́ ló máa jáde. Má kà á ní ilé ìwé àfi bí wọ́n bá gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Moṣọpẹ́.


Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Èrèlé, 2025.

Moṣọpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti sọkún tán, ó ti ń béèrè bóyá àwọn ọmọ tí o ń kọ́ máa ń jẹun dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò rẹ tẹ fọ́tò lẹ́tà rẹ sórí ìwé, ó sì gbé e wá bá mi ní kẹ́míìsì. Orí ìdúró ni mo ti kà á. Ẹnì kan ń dúró de oògùn ibà, mo fún un ní ti ikọ́. Ayọ̀fẹ́ ló sáré lé e títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí o mọ̀ pé lẹ́tà rẹ kù díẹ̀ kó ba iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún jẹ́.

Mo bínú. N kò ní purọ́ fún ọ, níwọ̀n bí ẹnì kan nínú ẹbí ti pa ti gbogbo wa. Kì í ṣe nítorí Kẹ́místírì. Èmi náà tún un ṣe nígbà tèmi, n kò sì fẹ́ kí Ayọ̀fẹ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ Àìkú ló dùn mí. Mo máa ń gbé àga síta kí o tó pè. Mo rò pé mo mọ ibi tí ọmọ mi ń jókòó sí ní láàbù, mo mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ, mo mọ ohun tó pò lọ́sẹ̀ yẹn. Fún oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ tí kò sí ni mò ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ọmọ tèmi sì wà níbì kan tó ń fọ abọ́, n kò bi í léèrè bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Ayọ̀fẹ́ ní òun fẹ́ ka lẹ́tà náà ní ilé ìwé. Mo ní kó yọ orúkọ mi kúrò. Ó ní, “Dádì, wọ́n ṣáà mọ ẹni tó bí mi.” Mo ní kó lọ kà á. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ yàn án fún Ọjọ́ Èdè Abínibí, èmi náà lọ, mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín ìkókorẹ́ rẹ dáadáa. Nígbà tó kà pé “bí kò bá yé mi, mo máa ń sọ,” ọmọbìnrin kan dìde láàárín wọn, ó ní, “Mà, èmi náà, kò yé mi.” Ẹlòmíràn dìde. Kó tó pẹ́, ìlà méjì ti wà lórí ìdúró. Olùkọ́ Kẹ́místírì wọn wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo àwọn tó dìde wá bá òun ní ọjọ́ Ajé, kí àwọn bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àkọ́kọ́.

Nígbà tó dé ibi ẹ̀rín mi, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo rántí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ń gbìyànjú láti rántí ohun tí o fi dá mi lóhùn, n kò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni mo rántí. Bóyá ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ lẹ́tà sí èmi náà nígbà náà.

Mo ṣì ń bínú díẹ̀. Yóò ti tán kó tó di ọjọ́ Àìkú. Pè mí ní àsìkò tí o máa ń pè. Sọ fún mi nípa Jessica. Bí o kò bá sì ní ohun tí o fẹ́ sọ, dákẹ́ sórí fóònù, èmi náà yóò dákẹ́. Mo fi àmì ohùn sí ibi mẹ́jọ nínú lẹ́tà rẹ tí o ti gbàgbé rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Harold Ọdúnúgà.


Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìfọkànbalẹ̀. Mísìs Ọ̀nàfúwà fún wa ní mọ́kàndínlógún. Wọ́n yọ ẹyọ kan nítorí pé “fídíò” kì í ṣe Yorùbá. Hikmah ní òun gba ọpẹ́ yín, ṣùgbọ́n òun ń retí ọpẹ́ tó ní sítáǹpù ilẹ̀ òkèèrè lára.

Dádì ò sọ nǹkan kan nípa Lọ́ọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, wọn ò sì sọ nǹkan kan nípa Fámásì. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi sínú ọ̀rọ̀ yín. Láàárọ̀ àná wọ́n ní kí n wọlé sínú mọ́tò. Títí a fi dé ibi ìforúkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò ju pé kí n de bẹ́líìtì.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Babájídé ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Mo fi ara balẹ̀ wo àwọn tó wà níwájú wa. Bó bá ti béèrè pé kọ́ọ̀sì wo, ìyá tàbí bàbá ló máa ń dáhùn, ọmọ á sì máa wo pátákó ara ògiri. Nígbà tó kàn wá, ó tẹ orúkọ mi, ó tẹ ọjọ́ ìbí mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wo Dádì, ó ní, “Kọ́ọ̀sì wo, sà?”

Dádì ní òun fẹ́ lọ ra omi.

Ìgò omi wà lọ́wọ́ wọn, Àǹtí. Ó tutù, ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. Wọ́n gbé e dání jáde.

Babájídé dúró títí wọ́n fi pa ilẹ̀kùn dé, ó wá yí ojú sí mi, ó sì tún béèrè.

Ayọ̀fẹ́.